Fáànù Tí O Pààrọ̀ Láìsọ Fún Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí oúnjẹ má wọ́n nílé yín, kí iṣẹ́ má sì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dára, ìwọ lo sì bà á jẹ́. Mo gbìyànjú kí n gbé ìbínú náà mì, kò ṣe é gbé mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni mo gbé ọkọ̀ akẹ́rù mi wá bá ọ fún? Bíréèkì ni. Mo ní bíréèkì ẹ̀yìn ń ké, kí o bá mi wò ó. Nígbà tí mo padà wá gbé e, mo sitáàtì rẹ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé fáànù tó máa ń hu bí ìjì níwájú kò hu mọ́. Mo bi ọ́ pé, "Kí ló pa á lẹ́nu mọ́?" O fi àkísà nu ọwọ́, o ní, "Mo ti fún un lóògùn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ gbádùn ọkọ̀ yín." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ. Èmi òmùgọ̀!

Ọjọ́ tí ọsibítù yọ̀ǹda Màmá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú, èmi ni mo lọ gbé wọn. O mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ló kù fún wọn, òun náà sì ni wọ́n ṣe. Dókítà kìlọ̀ fún mi létí pé eruku kò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, mo gbé gíláàsì wíńdò sókè, a sì ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ọ̀nà tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí rédíétọ̀, n kò mọ nǹkan kan. A kò tíì gun òkè dé àárín tí ọwọ́ géèjì tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn fi fò dé orí pupa. Kí n tó wí pé kí n ṣe báyìí, họ́ọ̀sì omi bẹ́, ooru funfun bí èéfín sì bo gbogbo iwájú ọkọ̀. Màmá ń kígbe pé, "Ṣé iná ni? Ọmọ mi, ṣé iná ni?" Wọn kò ríran, àbúrò mi. Fojú inú wò ó.

Mo fi òkúta dí táyà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ńlá tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa ń yí, èyí tí ẹ̀yin mẹkáníìkì ń pè ní oníkúlọ́ọ̀ṣì, ti pòórá. Fáànù pẹlẹbẹ méjì tó ń lo iná bátìrì ni mo bá níbẹ̀, wọ́n dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo pè ọ́. Ohun tí o kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ẹ ti tẹ bọ́tìnì?" Mo ní, "Bọ́tìnì wo?" O ní, "Èyí tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo rò pé ẹ máa rí i ni." O wá rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo tẹ bọ́tìnì ọ̀hún. Ọ̀kan yí, èkejì ò mira, òórùn wáyà tó ń jó sì gba inú ọkọ̀. O ní kò yẹ kó jó, pé wáyà tó wà nílẹ̀ lo kàn fi so ó ná.

Mo ní láti gbé Màmá sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti kọjá, á da eruku bò wá. Mo fi ìborùn mi bo orí wọn, mo sì fi ẹ̀yìn mi dí ọ̀nà. Àwakọ̀ kan tó ń kó pákó ló ṣàánú wa, ó dúró, ó sì na ọwọ́ láti fà wọ́n gòkè sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Màmá ti gbọ́ tí mò ń bá ọ jà lórí fóònù, wọ́n rò pé ìwọ lo dé. Wọ́n di ọwọ́ àjèjì náà mú, wọ́n ń sọ pé, "O ṣé tí o sáré wá, ọmọ mi." Ọkùnrin yẹn wò mí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó wà nítòsí ilé mi, ló tún un ṣe. Ó fa wáyà tó nípọn wá láti ìdí bátìrì, ó fi fíúùsì sí fáànù kọ̀ọ̀kan, ó sì fi nǹkan kan sínú omi rédíétọ̀ tó máa ń jí àwọn fáànù náà fúnra rẹ̀ bí omi bá gbóná. Nígbà tó pè ọ́ láti bi ọ́ ní ìbéèrè, èmi ni mo di fóònù mú fún un, ohùn rẹ sì ń jáde ketekete. O ní, "Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, kò lè yé wọn." Èmi! Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ kí o tó mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí! Rewáyà náà ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi.

N kò ní parọ́ mọ́ ọ: fáànù náà dára. Ọkọ̀ ti fúyẹ́ lórí òkè, ẹ́ńjìnnì kò ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ká ní o sọ fún mi ni, bóyá èmi gan-an ni ǹ bá ní kí o ṣe é. Ṣùgbọ́n o mú nǹkan mi, o ṣe é bó ṣe wù ọ́, o fi í sílẹ̀ ní àṣepatì, o sì gbà pé obìnrin ò ní bèèrè. Eruku wọ ojú Màmá, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, a sì ní láti dá wọn padà sọ́dọ̀ dókítà. Ọlọ́run ló yọ wá. Wọ́n ti ń rí ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ń fi aṣọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ṣá.

Nítorí náà, má fi fóònù bẹ̀ mí. Wá sílé, wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Títí ìgbà náà, ọkọ̀ mi kò ní gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé rẹ. Kí ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ má pa ọ́ lẹ́kún, kí ó má sì pa oníbàárà rẹ kankan lẹ́kún. Kí àwọn ọmọ rẹ máa fi ohun gbogbo lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Mo tún rántí: Màmá ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn ti dárí jì ọ́. Mo ti kọ ọ́. Èmi ò tíì dárí jì ọ́.