Àáró Wọ Ilé Òfì

                                        Agboolé Ìyápọ̀,
                                        Àdúgbò Kòso,
                                        Ìsẹ́yìn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Wàsíù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ fún wọn? Ara tiwa le koko. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi dé, pé kí n ta òfì ìhunṣọ bàbá mi, kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn wá ṣọ́ géètì. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lóòótọ́ ni dọ́là ti sọ òwú di ọ̀wọ́n gógó, ṣùgbọ́n ṣé orí wa ni ọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?

Kálukú ló ní bó ṣe ṣe é. Alhaji Ràmọ́nì tó ń fi ẹ̀rọ hun tirẹ̀ kò rówó ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ́, ló bá lé àwọn òṣìṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ládòkun ní tirẹ̀ dín òwú kù nínú ibú aṣọ, kò sọ fún ẹnì kan. Nígbà tí télọ̀ rán an tán, apá agbádá ọkọ ìyàwó kò kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ládòkun ní àṣà tuntun ni. Ìyá ọkọ ní kó gbé e pamọ́ de ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀.

Èmi àti Àyàndìran àti Fàòsíyà, tí a jọ ń hun aṣọ ní ojúlé kan náà, kò sẹ́ni tó lè dá òwú rà nínú wa. Àáró tí àwọn àgbẹ̀ Ìlerò ń ṣe ni a mú wọ ilé òfì. A da owó pọ̀ ra òwú, gbogbo wa hun iṣẹ́ ẹnì kan tán ká tó bọ́ sórí ti ẹlòmíì. A ò dín ibú aṣọ kù, a ò sì lé ẹnikẹ́ni.

Àná ni Alhaji wọlé tọ̀ wá. Ó ti gba iṣẹ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ó fẹ́ ra òfì mi, kí a wá máa gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ní òfì bàbá mi kì í ṣe ẹran iléyá tí wọ́n ń wọ́ kiri. Ó ní ta ni yóò wá bá òun hun iṣẹ́ ọdún náà. Fàòsíyà ló dá a lóhùn: “Alhaji, ẹ wá wọ àáró. Tiwa lẹ máa kọ́kọ́ bá wa hun.”

Ni Alhaji bá bọ́ agbádá, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó ní ibo ni òun máa jókòó sí.

Bá mi sọ fún ọ̀gá tó ń retí mi pé kó wá ẹlòmíì sí géètì rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ń kí gbogbo yín, kí o sì bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ta òfì,
Jàmíù.