Òkúta Pupa Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Jẹ

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Bélú

Àkójọ mìíràn tún dé. Àjà kẹta, àtẹ̀gùn tóóró, òkúta ni ẹrù. Orúnkún mi ò ní dárí jì mí. Ti Bàbá Traugott Neubert ni — awakùsà ni wọ́n kí kùsà ìlú wa tó di títì pa, òkúta ni wọ́n sì ń kó jọ látìgbà náà. Ojú wọn ti ń lọ. Sigrun ọmọ wọn ló ní ká bá òun ta gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ lè gba yàrá fún wọn nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń gbẹ́rù pé kí wọ́n rọra, ohun tí wọ́n gbé yẹn dàgbà ju bàbá ńlá wọn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 18

Agolo bisikíìtì kan. Aṣọ dúdú nínú aṣọ dúdú. Pupa ló wà nínú rẹ̀ — bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́. Òkúta fàdákà pupa, láti inú kùsà wa níbí, ó mọ́ gaara bí omi èso ṣẹ́rì tí ìyá mi máa ń rọ sínú ìgò. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, á ṣú, á dúdú, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ní ọjọ́ Bábárà Mímọ́ tó ń ṣọ́ àwa ará kùsà. Wọ́n á wò ó fìrí, wọ́n á dé e.

Olóòlù (ọ̀gá mi, òun ló ń lu òòlù) rí àwòrán rẹ̀, ó ń fọwọ́ pawọ́. Ó ní iwájú ìwé gbàǹjo ni èyí ń lọ.

Ìṣẹ́gun, 23

Ikọ́. Eruku òkúta nínú tíì mi. Ó rẹ̀ mí.

Ẹtì, 26

Àwọn olùrà wá wo ọjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mú wọn wọ yàrá tó ṣókùnkùn, mo tan iná kékeré, wọn ò tíì mí dáadáa tí mo ti dé agolo. Ọ̀kan ní mo láhun. Mo láhun lóòótọ́, ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi nìyẹn.

Lọ́sàn-án, Bàbá Traugott fi ọ̀pá tọlẹ̀ wọlé. "Kí orí gbé yín gòkè o," bí àwọn ará kùsà ṣe ń kí ara wọn. Wọ́n fẹ́ dágbére fún Pupa. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣí i, mo tan iná. Wọ́n tẹrí sílẹ̀, wọ́n ń dúró.

"Gerlind, o ò tíì ṣí i ni?"

Ó ti wà ní ṣíṣí. Mo dé e.

Àìkú, 28

Láti ọjọ́ yìí wá, Bàbá ń pa Pupa mọ́ de ojú wọn. Ojú ò sì dúró dè é. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Ọ̀pẹ

Bàbá pè mí lórí fóònù. Dókítà ní inú oòrùn gidi nìkan ni ojú wọn ti ṣì ń ríran. Ṣé mo lè gbé Pupa sójú fèrèsé fún wọn, lẹ́ẹ̀kan péré?

Olóòlù bi mí bóyá orí mi pé. Òkúta tí oòrùn bá ti bà, dandan ni ká kéde rẹ̀ fún olùrà, ìdajì iye rẹ̀ á sì fò lọ. Sigrun náà ò gbà. Ó ní òun sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ má dá mi lóró. Wọ́n ti ń di yàrá yẹn mú dè yín." Ó ní Bàbá kàn ń ṣa èérún búrẹ́dì lórí tábìlì.

Àbámẹ́ta, 4

Ọjọ́ Bábárà. Ọjọ́ gbàǹjo. Gbọ̀ngàn kún. Èmi ń gbé òkúta síwájú, Olóòlù ń kígbe iye. Ìlú yìí mú ọ̀kan, ìlú ọ̀hún mú òmíràn. Ohun tí ẹnìkan fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ, ọ̀sán kan la fi ń tú u ká. Iṣẹ́ yìí ti sú mi. Bàbá wà níwájú. Bí òòlù bá ti dún, wọ́n á mi orí, bí ẹni ń sin àlejò.

Ó kan Pupa. Mo gbé agolo dìde. Iye ò tíì jáde lẹ́nu Olóòlù nígbà tí Sigrun nàró, ó ní kò sí ní títà mọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Olóòlù ní owó ìtanràn wà fún irú ẹ̀. Sigrun ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó àwọn tó ti tà. Kùn-ùn, kùn-ùn ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Ó gba agolo lọ́wọ́ mi. "Àǹtí Gerlind, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ 'Dé e, ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ẹ́.' Lánàá mo bi Bàbá bó ṣe pupa tó. Wọn ò rántí mọ́."

Mo ní, yàrá ńkọ́?

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi á jáde nínú yàrá kékeré nílé mi, Bàbá á wọ ibẹ̀."

Olóòlù ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi tilẹ̀kùn. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 5

Yìnyín lórí gbogbo òrùlé, oòrùn sì ń tàn yòò. Mo lọ sílé Sigrun. Pupa wà lójú fèrèsé, láìsí aṣọ kankan lórí ẹ̀. Bàbá tẹ̀ sórí rẹ̀, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kọfí mi tutù.

"Ó pupa o. Ó pupa ju bí mo ṣe rò lọ."

Sigrun ní á dúdú o, Bàbá.

"Ojú tèmi náà ń dúdú bọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ débẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sigrun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Ẹ̀gbẹ́ kan ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Wọn ò rí i. Èmi rí i. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìdérí agolo kí n tó mọ̀. Mo fa ọwọ́ padà, mo tì í bọ àpò.