Aago Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Lónìí mo pa Kò-kò-kò lẹ́nu mọ́ níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó sá jáde.
Ó dáa, kò sá. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sórí ìrọ̀rí." Mo sì gbé e.

Kò-kò-kò ni mátíróònù — bàtà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Àbíkẹ́yìn mi ni nọ́ọ̀sì abẹ́ rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù tí egbò ẹsẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀ sí yìí. Ọmọ náà fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn, kó sì máa lọ yunifásítì lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ láti ṣe ìwádìí: kí ló dé tí egbò àwa arúgbó kì í tètè jinná. Dókítà ń ṣe irú ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè. Nọ́ọ̀sì ní òun náà fẹ́ ṣe é, ó dẹjọ́. Kò-kò-kò ní, "Tí gbogbo yín bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ni yóò máa yí aláìsàn padà?" Létí mi báyìí. Ọmọ mi ò fèsì. Ó kàn ń ká báńdéèjì.
Èmi á fèsì.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo ń ro ìyà tí Kò-kò-kò yóò jẹ. Ó dùn mọ́ mi ju oògùn wọn lọ.

Ọjọ́rú, 6
Àbíkẹ́yìn ní òun ò ní sí níbí lọ́la, yunifásítì lòun ń lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ṣé Kò-kò-kò gbà? "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀la kọjá ná."
Kí ọ̀la wá kọjá lásán?
Mo bá Télọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi sọ̀rọ̀, àti Dírẹ́bà tó kán lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ti wúkọ́, kí oníkálukú tẹ aago orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ní, "Bàbá, ọ̀run àpáàdì ń dúró dè yín." Mo ní kó má dààmú, a jọ ń lọ ni.

Ọjọ́bọ̀, 7
Omi. Ìrọ̀rí. Fèrèsé — ẹ ṣí i, ẹ tì í. Ẹ̀yìn ń yún Télọ̀. Bàtà yẹn ò sinmi. Òógùn bo Kò-kò-kò. Mo ní, "Ṣé ẹ wá rí i pé nọ́ọ̀sì wúlò?" Àwọn ọ̀gá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wòran. Mo tún wúkọ́ nítorí tiwọn.
Mo sùn bí ọba.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Àbíkẹ́yìn fọ egbò mi. Ojú rẹ̀ wú. Kò bá mi ṣàwàdà.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo fọ̀rọ̀ wá Àbíkẹ́yìn lẹ́nu wò títí ó fi sọ. Ìdánwò ni Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́ọ̀dù lè dúró láìsí ọmọ mi lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó, wọ́n ní kò lè dúró. Ọ̀rọ̀ yunifásítì parí.
"Mátíróònù ló bá mi bẹ̀ wọ́n, Bàbá mi. Mo ṣàlàyé fún un títí ó fi gbà. Ó ní òun fúnra òun á dí àyè mi."
Ó bi mí pé kí ló ṣe àwọn aláìsàn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní bóyá inú ló ń run wọ́n.

Ìṣẹ́gun, 12
Kò-kò-kò ló fọ egbò mi lónìí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun ò rí irú Ọjọ́bọ̀ yẹn rí.
Ikọ́ bá gbé mi. Ikọ́ gidi.
Aago Télọ̀ dún. Ti Dírẹ́bà dún.
Ó dáwọ́ dúró. Ó wo Télọ̀, ó wo Dírẹ́bà, ó wá wò mí. Mo ní, "Èmi ni." Ó di báńdéèjì náà tán, ó lọ. Bàtà yẹn ò yára.
Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ náà ló máa wọṣẹ́ ọ̀sán. Mi ò tíì sọ fún un.