Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Fadá Lórí Katikíìsì Wa

Àǹtí Fadékẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ohùn yín lórí rédíò ń jí mi ju aago lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ní ìjọ Àgùdà wa ní Kétu níbí, ohun tí mo bá sọ ni Fadá máa ń ṣe. Ó dáa, mo bù mọ́ ọn. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ìmọ̀ràn là ń fún Fadá, òun ló ń pinnu. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, Fadá tuntun bi wá nípa katikíìsì wa. Mo ní, "Fadá, tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ ló máa ń jí i!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Fadá. Judith akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ti ní kí katikíìsì àti ìyàwó rẹ̀ kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àná ló wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ Fadá. Ta ló rí mi tí mo sùn?"

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, ojú á tì mí. Bí mo bá dákẹ́, ó di aláìnílé. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?

Mi ò rí i kó sùn rí. Fadá bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá, ṣé ẹ fojú yín rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀rín wọn ṣì ń dùn mọ́ mi.