Ọgbà tí mo ń yọjú wò láti ìta

Màmá Àgbà, ẹ kú ilé o. Mo kí Bàbá àti àbúrò mi aláròyé. Ikọ́ mi ti lọ.

Ọgbà àtijọ́ kan wà láàárín ìlú tí mo ti ń kàwé níbí. Nítorí ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ mi, oṣù méjì ni mo fi ń yọjú lẹ́nu géètì, mò ń retí ẹni tí yóò pè mí wọlé. Lánàá, olùtọ́jú ọgbà rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń dúró dè? Gbogbo ìlú ló ni ín!"

Ni mo bá wọlé. Màmá, àwọn igi ibẹ̀ dàgbà jù yín lọ!

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń retí kí olùkọ́ pè mí, mi ò béèrè ohun tí kò yé mi, títí mo fi fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ má bínú. Lọ́la, màá kan ilẹ̀kùn olùkọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà kí ohùn mi má gbọ̀n.

Ẹ ó pẹ́ fún wa.