Sáfà Tí Kì í Dúró Gbọ́ Èsì

Ìyá Bámi, èmi Àkànní ọkọ ẹ ni o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́dọ̀ Màmá n'Ísẹ́yìn?

Ọkọ ẹ ti di bàbá ńlá l'Ékòó! Ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà ló pè mí, pé ímeèlì àwọn ò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́. Sáfà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, á kí sáfà oníbàárà tán, á wá da gbogbo ọ̀rọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dúró gbọ́ èsì. Pipelining ni wọ́n ń pè é. Tọ̀hún ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ló bá ń já ìlà mọ́ ọn lójú. Mo pa pipelining yẹn. Ní báyìí, ó ń sọ ọ̀kan, ó ń dúró gbọ́ èsì. Ímeèlì ń wọlé wẹ́rẹ́! Ọ̀gá wọn ní, "Àkànní, orí ẹ pé!" Mo ní, "Ìgbà wo ni ò pé?"

Omi tó ya wọ ilé wa l'Ájégúnlẹ̀, tó lé yín lọ, ti fà. Mo ṣì ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, torí atẹ́gùn ibẹ̀ dáa.

Voice note mi ti pọ̀ lórí fóònù ẹ láìsí èsì. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni ò dáa. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bi ẹ́ lónìí: ṣé ẹ̀ ń bọ̀ nílé?

Bá mi kí Màmá. Tí o ò bá ráyè sọ̀rọ̀, gbé fóònù fún Bámi, kó ṣáà pe "Daddy" sí i.