Ogójì Ọdún Edé àti Akàn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹsàn-án
Ọ̀gá gbé iṣẹ́ tuntun dé. Edé, akàn àti alákàṣà tí gbogbo ayé ń mú jáde, ẹkùn sí ẹkùn, ogójì ọdún — kí n tò ó sínú àtẹ kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni o. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Ẹlẹ́sẹ̀ Púpọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Háà, àwọn ará Éṣíà! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣíwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbẹ́ adágún, tí wọ́n ń sin edé bí ẹni ń sin adìẹ, ìlà wọn gòkè débi pé mo ní láti fa àtẹ náà ga sí i. Yúróòpù ń rìn jẹ́jẹ́, bí àgbà tí kò kánjú. Gúúsù Amẹ́ríkà ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo dìde kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé tó jókòó tì mí ní ṣé ara mi le.

Ọjọ́rú, 6
Ó kan ìlà tiwa. Ó ń lọ dáadáa, àfi gbì! Ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lọ́dún kan ṣoṣo, kò sì padà mọ́. Mo mọ ọdún yẹn. Ọdún tí wọ́n lé Àǹtí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 7
Kí n kúkú kọ ọ́, ìwé kì í ṣòfófó. Àǹtí ni àbúrò ìyá mi, òun ló tọ́ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi bá ọ́fíìsì wa yìí wọn edé ní èbúté. Nígbà tí iye já wálẹ̀, wọ́n ní kò fojú sí iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Ó ní òun wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Èmi náà — kí n má purọ́ — mo gbà pé ó ṣàṣìṣe. Mi ò sọ fún un rí. Mi ò sì bi í.
Ọ̀gá ti kọ gbólóhùn tó máa wà lábẹ́ àtẹ: "Àìbìkítà àwọn tó ń wọn edé ló fa èyí." Bí wọ́n bá tẹ ìyẹn, ẹ̀bi náà ti di ti Àǹtí títí láé nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo lọ sílé Àǹtí. Mo bá a tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe fúnra rẹ̀, ìṣó lẹ́nu. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin! Mo bi í wàyí. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó ní, "Edé ò dín. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń gé." Ọdún yẹn ni àwọn oníbàárà ní àwọn ò fẹ́ edé olórí mọ́, ni àwọn apẹja bá ń gé orí rẹ̀ nínú ọkọ̀ kó tó dé orí òṣùwọ̀n. Ìrù ni wọ́n gbé wá, ìrù lòun náà wọ̀n. Mo ní ṣé kò sọ fún wọn ni? Ó ní òun ń kọ ọ́ sí etí ìwé lójoojúmọ́. "Ẹni tó ń dà á kọ lọ́fíìsì, iye nìkan ló ń wò." Ó kan ìṣó rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò bi í. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 11
Yàrá ìwé àtijọ́. Eruku, sísín. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ṣí àpótí yẹn rí. Ìwé Àǹtí nìyí, ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé. Láti oṣù kẹta ọdún yẹn, ní etí gbogbo ojú ewé: láìlórí, láìlórí, láìlórí. Kò fo ọjọ́ kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí mà dára o!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Odindi edé ni gbogbo ẹkùn yòókù ń kọ sílẹ̀, torí-tìrù. Àwa nìkan la fi ìrù wé odindi. Mo ṣírò ìwọ̀n orí, mo dá a padà sára edé, ọdún sí ọdún. Ìlà tiwa ò já rárá! Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò tó ti Éṣíà, ṣùgbọ́n ta ní ń bá erin du ìtóbi?

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo kó o síwájú Ọ̀gá. Ó wò ó títí. Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn, torí ọ́fíìsì ló máa jẹ́wọ́. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ní tiwa ti lé ní ogún. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó fagi lé gbólóhùn rẹ̀, ó kọ òmíràn: "Láti ọdún tí a fàmì sí yìí, láìlórí ni wọ́n ń wọn edé wa. Obìnrin tó wọ̀n ọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́." Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo gbé e lọ fún Àǹtí. Ó wọ awò ojú. Ìlà Éṣíà ló kọ́kọ́ wò: "Àwọn wọ̀nyí mà ṣiṣẹ́ o!" Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń bọ́ edé nínú adágún, mo ṣàlàyé. Ó wá fi ìka tọ ìlà tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ka gbólóhùn ìsàlẹ̀. Mo ní, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jàre. Ó ní òun mọ̀.
Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé èmi náà ò gbà á gbọ́ látọjọ́ yìí.
Ó ní, "Ìyẹn náà, mo mọ̀. Dìde, ká jẹun."